ÀJỌJẸ NÍNÚ ILÉ MÙSÙLÙMÍ

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ìdánilẹ́kọ̀ọ́)

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọba tí ó dá ebi mọ́ ènìyàn, tí ó sì pèsè oúnjẹ tí ń pa ebi náà. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá aṣíwájú wa, Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.



Orí ọ̀rọ̀ tí a fún mi ni “Ìdílé nínú Ìsìláàmù.” Orí ọ̀rọ̀ yìí fẹ̀ ju àkókò tí a ní lọ, nítorí náà mo mú ẹyọ kan nínú rẹ̀: oúnjẹ tí a ń sè nínú ilé lójoojúmọ́, àti bí àwọn ará ilé ṣe ń jẹ ẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ kan yóò máa wo ara wọn lójú. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni wọ́n ń retí, tàbí ọ̀rọ̀ èlé orí owó, tàbí ti aṣọ wíwọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣí àkójọ hádíìsì Imaamu Bukhari yóò rí i pé odindi ìwé kan wà nínú rẹ̀ tí ó dá lórí oúnjẹ nìkan. Ohun tí àwọn aṣíwájú ẹ̀sìn kà sí tó bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ó kéré lójú tiwa.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí a ṣe ń jẹun nínú ọ̀pọ̀ ilé wa. Baálé ilé wà ní pálọ̀. A gbé oúnjẹ tirẹ̀ sí orí tábìlì kékeré, a fi ọmọrí dé e. Ẹran tí ó tóbi jù nínú ìkòkò wà níbẹ̀. Ìyá àwọn ọmọ wà ní ilé ìdáná, orí àpótí ni ó ti ń jẹ tirẹ̀ lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn ti jẹ tán. Àwọn ọmọ gba abọ́ wọn, oníkálukú bá tirẹ̀ lọ: ọ̀kan ń wo tẹlifíṣọ̀n, èkejì ń tẹ fóònù. Ọmọ-ọ̀dọ̀, bí ó bá wà, ń ha ìdí ìkòkò. Inú ìkòkò kan náà ni a ti bu oúnjẹ fún gbogbo wọn, síbẹ̀ kò sí ẹni méjì tí ó jẹun pọ̀. Bí àlejò bá béèrè ìdí rẹ̀, a óò ní àṣà wa ni. Bí a bá sì fẹ́ kí ó dún bí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, a óò ní ọ̀wọ̀ baálé ni.

N kò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni o. Nínú Súrà Nuuru, ẹsẹ 61, Ọlọ́hun fi yé wa pé kò sí ẹ̀bi lórí ẹni tí ó bá ẹlòmíràn jẹun, kò sì sí lórí ẹni tí ó dá jẹ. Nítorí náà, kí ọ̀dọ́ kankan má ṣe ti ibí yìí dé ilé kí ó máa pe bàbá rẹ̀ ní ẹlẹ́ṣẹ̀ nítorí tábìlì kékeré. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọ̀nà tí Ànábì gbà jẹun nínú ilé rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí, àti pé ilé tí ó bá ń jẹun ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láti ọdún dé ọdún ń pàdánù ohun kan tí wáàsí ọjọ́ Jímọ̀ kò lè dá padà fún un.

Ẹ gbọ́ ìtàn Umar ọmọ Abu Salama. Bàbá rẹ̀ ti kú; ọgbẹ́ tí ó gbà ní ogun Uhudu ni ó padà ṣe ikú pa á. Ìyá rẹ̀, Ummu Salama, di ìyàwó Ànábì ní ọdún kẹrin Hijira. Báyìí ni ọmọdé yìí ṣe bá ara rẹ̀ nínú ilé Ànábì, ọmọ tí ìyàwó bí fún ọkọ àárọ̀. Ẹ̀yin náà mọ irú ojú tí a fi ń wo irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò wa, ẹ sì mọ ibi tí a máa ń gbé oúnjẹ tirẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí fúnra rẹ̀ ni ó dàgbà tí ó sọ fún wa pé inú àwo kan náà ni òun àti Ànábì ti jọ ń jẹun. Ọwọ́ rẹ̀ ń rìn káàkiri inú àwo bí ọwọ́ ọmọdé ti ń ṣe. Ànábì kò nà án, kò lé e dìde, kò sì ké sí ìyá rẹ̀ pé kí ó wá wo ọmọ rẹ̀. Ó pè é pẹ̀lú ìfẹ́, ó sì kọ́ ọ ní nǹkan mẹ́ta: kí ó dárúkọ Ọlọ́hun, kí ó fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun, kí ó sì jẹ èyí tí ó wà ní iwájú rẹ̀. Umar ní láti ọjọ́ náà ni òun ti ń jẹun bẹ́ẹ̀.

Àwọn oníwáàsí wa máa ń mú ẹ̀kọ́ mẹ́ta yìí, wọn a sì fi àwo sílẹ̀. Èmi fẹ́ kí a wo àwo náà. Báwo ni Ànábì ṣe mọ̀ pé ọwọ́ ọmọ yìí ń rìn káàkiri? Nítorí pé ọwọ́ tirẹ̀ náà wà níbẹ̀ ni. Bàbá tí ó ń dá jẹun ní pálọ̀ kò lè mọ̀ bóyá ọmọ rẹ̀ ń ṣe bísímílà kí ó tó bu òkèlè. Kò lè mọ̀ pé ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí ọmọ kan kò ti jẹun dáadáa. Ojú ọmọbìnrin rẹ̀ lè ti fà ro láti ìgbà tí ó ti ilé ẹ̀kọ́ dé, kò ní rí i, àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti bàjẹ́ tí wọ́n wá ránṣẹ́ pè é.

Àwọn baba wa ní ohun tí ó jọ èyí. Títí di ìgbà tí kò tíì pẹ́ púpọ̀, inú abọ́ kan ni àwọn ọmọ agbo ilé ti ń jẹ ọkà tàbí ẹ̀bà. Ẹ̀gbọ́n ni yóò pín ẹran, ọmọ tí ó bá ń yára bu òkèlè ńlá, wọn a pè é ní wọ̀bìà, orúkọ náà a sì lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ẹ̀kọ́ gidi ni. Ó bá hádíìsì mu tí ó kọ̀ fún ẹni tí ó ń bá àwọn ènìyàn jẹ èso dàbínù láti máa mú méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àfi bí ó bá gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n jọ ń jẹ. Ibi tí àṣà wa ti kùnà ni ọ̀rọ̀ ẹran àti ẹyin. A ní ọmọ tí ó bá ń jẹ ẹyin yóò di olè. A ní ẹran ńlá kì í ṣe ti ọmọdé. Ara ọmọdé ni ó ń dàgbà, òun gan-an ni ó nílò ẹyin àti ẹran jù. Kò sí ẹsẹ kan, kò sì sí hádíìsì kan, tí ó sọ pé ẹyin ń sọ ọmọ di olè. Lójú tèmi, ohun tí ń sọ ọmọ di olè inú ìkòkò ni kí ó máa gbọ́ òórùn ẹran tí kò ní kàn án. Àwọn baba wa kan náà ni wọ́n sì sọ pé àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Wọ́n mọ̀.

Ẹ̀kọ́ mìíràn tí a jogún ni pé a kì í sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ. Mo mọ ìdí rẹ̀: oúnjẹ lè há ènìyàn ní ọ̀fun, ọmọ tí ó bá sì ń rojọ́ kò ní jẹun tán. Ẹni tí òkèlè wà lẹ́nu rẹ̀, kí ó gbé e mì ná. Ṣùgbọ́n kí ilé dákẹ́ rọ́rọ́ bí ìgbà tí wọ́n ń ṣe ìdánwò, èyí kò sí nínú súnnà. Jabir sọ fún wa pé Ànábì béèrè ohun tí òun yóò fi jẹ búrẹ́dì lọ́wọ́ àwọn ará ilé rẹ̀. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan nílé àfi omi kíkan tí a mọ̀ sí fínígà. Ó ní kí wọ́n gbé e wá, ó ń jẹ ẹ́, ó sì ń yìn ín bí ó ti ń jẹ ẹ́ lọ. Imaamu Nawawi, tí ó ṣe àlàyé Sahihu Muslim, tí ó sì kú ní ọdún 676 Hijira, fa ẹ̀kọ́ yọ níbẹ̀ pé ó dára kí a máa sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ kí ara lè tu àwọn tí ó ń jẹun. Ẹ sì wo ohun tí ó sọ̀rọ̀ lé lórí. Ilé kò ní ọbẹ̀ ní ọjọ́ náà, ohun tí ìyàwó sì gbọ́ lẹ́nu ọkọ rẹ̀ ni ìyìn.

Èyí mú mi dé orí ọ̀rọ̀ kan tí ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé ju owó lọ nígbà mìíràn, ìyẹn ni bíbú ọbẹ̀. Abu Huraira jẹ́rìí pé Ànábì kò bu ẹnu àtẹ́ lu oúnjẹ rí. Bí ó bá wù ú, yóò jẹ ẹ́, bí kò bá wù ú, yóò fi í sílẹ̀. Ní ọjọ́ kan nínú ilé Maymuna, wọ́n gbé ẹran aṣálẹ̀ kan tí ó jọ alángbá ńlá wá. Ànábì dá ọwọ́ dúró. Khalid ọmọ Walid béèrè bóyá èèwọ̀ ni. Ó ní rárá o, kò sí nínú ilẹ̀ àwọn ènìyàn òun ni, ọkàn òun kò sì fà sí i. Khalid fa àwo sọ́dọ̀, ó jẹ ẹ́ níṣojú rẹ̀. Ọmọ Ọ̀yọ́ tí ó fẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, tí a gbé ìkọ́kọrẹ́ ka iwájú rẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́, ti rí àpẹẹrẹ tí yóò tẹ̀lé. Ó lè ní, “Wọn kì í sè é nílé wa.” Kò sí ìdí tí yóò fi bú ìyá ìyàwó mọ́ ọn.

Ẹni tí ó bá ti sè gbẹ̀gìrì rí kì í yára bú ọbẹ̀. A óò rẹ ẹ̀wà sínú omi, a óò bó èèpo rẹ̀ kúrò, a óò sè é títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yòrò, a óò fi ìjábẹ̀ jà á tàbí kí a fi asẹ́ sẹ́ ẹ, kí a tó wá fi epo, ata, irú àti iyọ̀ sí i. Ewédú ń dúró: a óò já ewé rẹ̀ kúrò lára igi, a óò fi kán-ún díẹ̀ sí omi rẹ̀, a óò fi ìjábẹ̀ nà án títí yóò fi máa fà. Ọbẹ̀ ata tí ẹran wà nínú rẹ̀ tún wà lọ́tọ̀. Lẹ́yìn èyí ni a óò tó da èlùbọ́ sínú omi tí ó ń hó, tí a óò fi omorógùn rò ó dáadáa kí ó má baà ní kókó. Ìkòkò mẹ́rin fún oúnjẹ kan ṣoṣo. Ọkùnrin a jẹ ẹ́ tán láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, yóò nu ẹnu, yóò ní iyọ̀ kò tó.

Bí ó bá wá jẹ́ pé igi ni a fi dá iná ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2020, èéfín iná ìdáná inú ilé lọ́wọ́ nínú ikú àwọn ènìyàn tí ó tó mílíọ̀nù 3.2 káàkiri àgbáyé. Ànábì kò fojú fo ooru àti èéfín yìí dá. Ó pa á láṣẹ pé bí ìránṣẹ́ ẹni bá gbé oúnjẹ tí ó sè wá, kí a mú un jókòó kí ó bá wa jẹ. Bí oúnjẹ náà bá kéré, kí a fún un ní òkèlè kan tàbí méjì nínú rẹ̀, nítorí pé òun ni ó fara da ooru àti èéfín rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa, mo bẹ̀ yín, ọ̀rọ̀ yìí kan ọmọ-ọ̀dọ̀. Ọmọ ẹni ẹlẹ́ni tí ó gún ata, tí ó fọ àwo, tí ó ru omi, tí ẹran kò sì kàn án, ẹ̀tọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn wa.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin náà, ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ Aisha ohun tí Ànábì máa ń ṣe nínú ilé. Ó ní ó máa ń bá àwọn ará ilé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ wọn; bí àkókò ìrun bá sì tó, yóò jáde lọ kírun. Ọkùnrin tí ó ti pé ọmọ ogún ọdún tí kò lè se ìrẹsì kó jóná, kò lè fi súnnà ṣe àwíjàre.

Fún àwọn tí ó fẹ́ ju ìyàwó kan lọ, ọ̀rọ̀ kúkurú ni tèmi. Anas sọ pé ní alaalẹ́, àwọn ìyàwó Ànábì máa ń péjọ sí ilé ẹni tí ọjọ́ kàn nínú wọn. Ó sì ṣẹlẹ̀ rí pé ìyàwó kan gbé àwo oúnjẹ ránṣẹ́ sí i nígbà tí ó wà nílé ìyàwó mìíràn. Onílé na ọwọ́ ìránṣẹ́ náà, àwo já bọ́, ó fọ́. Ànábì fúnra rẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àpáàdì àti oúnjẹ ilẹ̀ jọ. Ó sọ fún àwọn tí ó wà níbẹ̀ pé owú ni ó jẹ ìyá wọn, ó sì gba àwo tí ó pé lọ́wọ́ onílé fún ẹni tí wọ́n fọ́ tirẹ̀. Ìjà parí síbẹ̀. Èló nínú wa ni yóò tẹ̀ ba ṣa àpáàdì?

Ẹnìkan yóò sọ pé: ọ̀rọ̀ dára, ṣùgbọ́n níbo ni oúnjẹ náà wà? Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Òótọ́ ni. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni ọjà ti yàtọ̀. Nígbà tí ó fi di oṣù Kẹfà ọdún 2024, ìṣirò ìjọba fi hàn pé owó oúnjẹ ní Nàìjíríà ti fi ju ìdá 40 nínú 100 lọ ga sí ti ọdún tí ó ṣáájú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó dúró níwájú ìyá tí ó ń ti ọjà bọ̀ kí ó máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹran pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé àwọn kan wá bá Ànábì, wọ́n ní àwọn ń jẹun, àwọn kì í yó. Kò bi wọ́n léèrè iye tí wọ́n ń rí jẹ. Ó béèrè bóyá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí wọ́n péjọ sí ìdí oúnjẹ wọn, kí wọ́n sì dárúkọ Ọlọ́hun sí i, wọn yóò rí bárékà níbẹ̀. Hádíìsì mìíràn fi kún un pé oúnjẹ ẹni méjì tó ẹni mẹ́ta. Abọ́ àdàlú kan tí a fi ẹ̀wà àti àgbàdo sè ń ṣe ara lóore ju bí ó ti rí lójú lọ: ohun tí ó dín nínú èròjà ẹ̀wà, àgbàdo a dí i; ohun tí ó dín nínú ti àgbàdo, ẹ̀wà a dí i.

Kí ọkọ kankan má ṣe fi hádíìsì bárékà fa owó oúnjẹ sẹ́yìn o. Nígbà tí Hindu, ìyàwó Abu Sufyan, fi ẹjọ́ sùn pé ahun ni ọkọ òun, Ànábì yọ̀ǹda fún un láti mú nínú owó ọkọ rẹ̀ iye tí yóò tó òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Bárékà wà nínú àjọjẹ. Owó ọbẹ̀ wà lọ́rùn ọkọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ àkókò. Ẹni tí ó ń gbé Ìkòròdú tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní erékùṣù Èkó, ó ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, ó sì lè má padà délé kí ìrun iṣái tó kọjá. N kò ní ki irú ẹni bẹ́ẹ̀ láyà. Ṣùgbọ́n ẹ rántí oṣù Ramadan. Bàbá tí kì í tètè délé a wá ọ̀nà délé kí oòrùn tó wọ̀. A tẹ́ ẹní. Ọmọ kékeré tí kò tíì tó gba aáwẹ̀ ni yóò máa pín dàbínù, tí yóò máa sáré lọ wo ojú ọ̀run. Ní sààrì, a óò jí òun náà, nítorí ó sunkún lánàá pé wọn kò jí òun. Bàbá, ìyá, ọmọ àti ọmọ-ọ̀dọ̀, gbogbo wọn ń wo aago kan náà. Odindi oṣù kan ni ilé fi ń ṣe báyìí láìsí ẹni tí ó kú. Ní ọjọ́ ìtúnu aáwẹ̀ ni a óò ká ẹní nílẹ̀, tí tábìlì kékeré yóò padà sí pálọ̀. Ta ni ó ní kí a ká a? Bí alaalẹ́ kò bá ṣe é ṣe, ẹ mú alẹ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀. Bí ìyẹn náà kò bá ṣe é ṣe, àárọ̀ ọjọ́ Sunday ń bẹ, àkàrà àti ògì kò gba àkókò púpọ̀. Kí àsàlátù má sì ṣe jẹ́ ìdí tí ìdílé kan yóò fi máa ra oúnjẹ ní ẹ̀bá ọ̀nà ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi tí wọ́n ní.

Wọ́n ti bi mí rí pé bí a bá gbé oúnjẹ alẹ́ kalẹ̀ tí a sì pe ìkámà ìrun ńkọ́? Ànábì ní kí a kọ́kọ́ jẹun, kí a má sì kánjú. Abdullahi ọmọ Umar a máa gbọ́ kíké imaamu láti ibi tí ó ti ń jẹun, kò sì ní dìde títí yóò fi jẹ tán. Kì í ṣe pé kí a sọ ọ́ di àṣà láti máa gbé oúnjẹ kalẹ̀ ní àkókò ìrun, kò sì gbọdọ̀ mú kí àkókò ìrun kọjá. Ṣùgbọ́n bí ìrun jámáà bá lè dúró de òkèlè, fóònù náà yóò dúró. Mo mọ ilé kan tí wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ kékeré sí ẹnu ọ̀nà pálọ̀. Kí wọ́n tó tẹ́ ẹní, gbogbo fóònù á wọ inú rẹ̀, ti bàbá ni ó sì máa ń kọ́kọ́ wọlé.

Àyè wà fún ìbéèrè báyìí.